Kọ́kọ́rọ́ P-521 tí a lò nínú PuTTY: ṣé ẹ̀yà tuntun nìkan tó, àbí ká pa kọ́kọ́rọ́ náà tì?

#1 Déọlá_Sáfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mo ń bójú tó sáfà níbi iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn. Ẹni tó wà nípò yìí kí n tó dé ti já pa lọ sí Kánádà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ SSH kan (èyí tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn) sílẹ̀ tí a ṣì ń fi PuTTY, ètò tí a fi ń wọ sáfà, lò lórí Windows títí dòní. Lọ́sẹ̀ yìí ni aṣàyẹ̀wò kan tí ọ̀gá wa pè wá wo iṣẹ́ wa sọ pé kọ́kọ́rọ́ náà ti bàjẹ́, ká yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tó bá wà. Ìdí tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: CVE-2024-31497, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àléébù kan mọ̀. Mo ní PuTTY wa ti di 0.81 tipẹ́tipẹ́. Ó ní ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀gá mi rò pé ọkùnrin náà kàn ń fẹ iṣẹ́ lójú kí owó ẹ̀ lè pọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là á yé mi dáadáa kí n lè là á yé ọ̀gá? Ohun tó wà níwájú kọ́kọ́rọ́ náà ni: ecdsa-sha2-nistp521.

#2 ÀgbàKóòdù

Déọlá, ọkùnrin yẹn ò purọ́. Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó san owó ẹ̀ fún un.

ECDSA ni ọ̀nà ìṣirò tí irú kọ́kọ́rọ́ rẹ fi ń buwọ́ lu nǹkan láti fi hàn pé ìwọ ni. Gbogbo ìbuwọ́lù ECDSA ló nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan, k ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré la ń lò ó, a ó sì gbàgbé ẹ̀. Ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fojú bu apá kankan nínú ẹ̀. Lórí P-521 (irú ECDSA tí kọ́kọ́rọ́ rẹ jẹ́, nistp521 yẹn), k gbọ́dọ̀ lè gùn tó bíìtì 521. Ọ̀nà tí PuTTY ń gbà rí k ni pé ó ń da kọ́kọ́rọ́ àdáni rẹ pọ̀ mọ́ ohun tó fẹ́ buwọ́ lù, á wá lọ̀ wọ́n nínú SHA-512, ìṣirò tó ń lọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. Ohun tó bá sì jáde nínú SHA-512 ò lè ju bíìtì 512 lọ láé. Yọ 512 kúrò nínú 521, 9 ló kù. Gbogbo k tí PuTTY ṣe lórí P-521, láti ẹ̀yà 0.68 títí dé 0.80, òdo ni bíìtì 9 tó wà níwájú ẹ̀.

Fabian Bäumer àti Marcus Brinkmann ní Yunifásítì Ruhr tó wà ní Bochum, Jámánì, ló tú u fó. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìròyìn náà jáde. Ẹni tó bá ti kó ìbuwọ́lù bí 60 jọ láti ara kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lè fi ìṣirò yọ kọ́kọ́rọ́ àdáni náà jáde, kó sì máa wọ ibi gbogbo tí o ń wọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ.

0.81 ti tún bó ṣe ń rí k ṣe. Àmọ́ àwọn ìbuwọ́lù tó ti jáde ṣáájú 0.81 wà níbi tí wọ́n wà, kò sẹ́ni tó lè kó wọn padà. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ náà fi gbọ́dọ̀ lọ.

#3 Ẹlẹ́nuMímú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má dẹ́rù ba ọmọbìnrin yìí jù. Mo ka ìròyìn náà nígbà tó jáde. Inú ọ̀nà tí a ti pa lárokò ni ìbuwọ́lù SSH ń gbà lọ sọ́dọ̀ sáfà. Ẹni tó ń fetí kọ́ lẹ́yìn ògiri ò lè rí ìbuwọ́lù kan, ká má tíì sọ 60. Ibo ni olè ti máa rí wọn kó?

#4 Kúnlé_LDN

@Ẹlẹ́nuMímú, òótọ́ lẹ sọ nípa ẹni tó ń fetí kọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe PuTTY fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sáfà tí ò ń wọ̀ ń rí i! Gbogbo ìgbà tí o bá fi kọ́kọ́rọ́ náà wọlé, o ti fún sáfà yẹn ní ìbuwọ́lù kan. Bí ẹnì kan bá gba àkóso sáfà kan ṣoṣo lábẹ́lẹ̀, ìyẹn èyí tó kéré jù, tí ẹnikẹ́ni ò náání, yóò kàn jókòó síbẹ̀ máa ka ìwọlé yín. Tí a bá ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, oṣù méjì ti tó o. Ó ti wá rí kọ́kọ́rọ́ tó ṣí àwọn sáfà ńlá tókù.

Ọ̀nà kejì burú ju ìyẹn lọ. Bí ẹni tó já pa yẹn bá ti fi kọ́kọ́rọ́ kan náà buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ lórí Git (ibi tí a ń tọ́jú kóòdù), tí iṣẹ́ náà sì wà ní gbangba, àwọn ìbuwọ́lù wà lójú títì fún ẹnikẹ́ni láti kó. Kò ní wọ sáfà kankan rárá.

Ẹ má sì ro pé PuTTY nìkan ni. Inú kóòdù PuTTY ni àwọn mìíràn ti gba apá yìí: FileZilla láti 3.24.1 dé 3.66.5, WinSCP láti 5.9.5 dé 6.3.2, TortoiseGit, TortoiseSVN. Déọlá, wo inú kọ̀ǹpútà àwọn ará ọ́fíìsì yín dáadáa, FileZilla ló máa ń pọ̀ jù.

#5 Déọlá_Sáfà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Kúnlé. Git... ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, ibì kan ṣì ń rú mi lójú. Bíìtì 9 nínú 521 ni gbogbo ohun tó hàn. Báwo ni kékeré yẹn ṣe ń di gbogbo kọ́kọ́rọ́? Ọ̀gá mi máa béèrè, mi ò sì fẹ́ sọ fún un pé "àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀".

#6 ÀgbàKóòdù

Ìbéèrè gidi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó burú jù, níbi tí ẹnì kan ti lo k kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ìwé àti bírò tó o. Nọ́ńbà kékeré la ó lò.

Gbogbo ìṣirò wa ń yí po lórí 23. Ohun tó bá ju 22 lọ, a ó máa yọ 23 kúrò nínú ẹ̀ títí yóò fi wọlé. Tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo, a ó fi 23 kún un. Ká ní kọ́kọ́rọ́ àdáni mi, d, jẹ́ 7. Ká ní k jẹ́ 5. Láti ara k ni r ti ń wá, gbogbo ayé ló ń rí r. Ká ní ó jẹ́ 9. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ buwọ́ lù, tí a bá ti lọ̀ ọ́ di nọ́ńbà, òun ni h. Ìbuwọ́lù náà ni:

s = (h + r × d) ÷ k

Láti fi 5 pín nǹkan nínú ìṣirò yìí, 14 la ó fi sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí 5 × 14 jẹ́ 70, tí a bá sì yọ àwọn 23 kúrò, 1 ló kù.

Ọ̀rọ̀ kìíní, h = 4. 4 + 63 jẹ́ 67, ó di 21. 21 × 14 jẹ́ 294, ó di 18.
Ọ̀rọ̀ kejì, h = 10. 10 + 63 jẹ́ 73, ó di 4. 4 × 14 jẹ́ 56, ó di 10.

Mo fi ìbuwọ́lù méjèèjì ránṣẹ́: (9, 18) àti (9, 10). Olè rí i pé 9 ló wà níwájú méjèèjì, ó ti mọ̀ pé k kan náà ni mo lò. Ó yọ h kejì kúrò lára ti àkọ́kọ́: 4 − 10 jẹ́ −6, ìyẹn 17. Ó yọ s kejì kúrò lára ti àkọ́kọ́: 18 − 10 jẹ́ 8. Ó fi 8 pín 17, ìyẹn ni pé ó sọ ọ́ di ìlọ́po 3 (8 × 3 jẹ́ 24, 1 ló kù): 51, ó di 5. Ó ti rí k mi nìyẹn. Ó wá yí ìlànà náà po: d = (s × k − h) ÷ r. 18 × 5 − 4 jẹ́ 86, ó di 17. Láti fi 9 pín, 18 la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀: 17 × 18 jẹ́ 306, ó di 7.

Kọ́kọ́rọ́ àdáni mi ti jáde. Olè náà ò fọ́ nǹkan kan. Ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ ló fi ṣe é.

Nínú PuTTY, k ò tún ara ẹ̀ ṣe, díẹ̀ díẹ̀ ló ń jò: bíìtì 9 fún ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan. Fi 9 pín 521, wàá rí nǹkan bíi 58. Ibẹ̀ ni 60 yẹn ti wá. Ìṣirò tí wọ́n fi ń kó ẹ̀jò náà jọ le ju èyí tí mo ṣe yìí lọ dáadáa, lattice ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ó ti wà nínú ìwé tipẹ́, kọ̀ǹpútà ilé sì lè ṣe é.

#7 ỌmọÀjàṣẹ́

Àgbà, ẹ kú làákàyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta géèmù, ẹ rántí PlayStation 3? Ohun tí àgbà fi 23 ṣe yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí Sony. Ní ìparí ọdún 2010, níbi ìpàdé àwọn hákà ní Berlin, ẹgbẹ́ fail0verflow bọ́ sórí pèpéle, wọ́n fi han gbogbo ènìyàn pé nọ́ńbà k tí Sony fi ń buwọ́ lu ètò PS3 kì í yí padà. Ọ̀kan náà ni lójoojúmọ́! Ìbuwọ́lù méjì tó láti yọ kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ó sì di pé ẹnikẹ́ni lè buwọ́ lu ohun tó bá wù ú, kí ẹ̀rọ náà sì gbà pé Sony ló ṣe é.

Ẹ̀yin oní-Bitcoin náà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹjọ ọdún 2013, apá tó ń mú nọ́ńbà jáde fún ètò lórí Android ní àléébù, k tún ara ẹ̀ ṣe nínú àwọn àpò owó kan, àwọn olè sì gbọ́n owó inú wọn gbẹ.

#8 Ẹlẹ́nuMímú

Ó dáa. Kí lẹ wá ń dúró sí? Ẹ jù ECDSA nù, ẹ padà sí RSA, irú kọ́kọ́rọ́ mìíràn. RSA ò ní k kankan tó máa jò.

#9 Kúnlé_LDN

Háà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Estonia.

Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Masaryk ní Brno rí i pé kóòdù Infineon tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ RSA nínú káàdì ń gba ọ̀nà àbùjá láti rí nọ́ńbà méjì (prime ni wọ́n ń pè wọ́n) tí RSA dúró lé. Àwọn nọ́ńbà náà ní àwòṣe kan tó dá yàtọ̀, tí èèyàn lè wo kọ́kọ́rọ́ gbangba kó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé láti ibẹ̀ ló ti wá, kó wá fi owó kọ̀ǹpútà tó pọ̀ díẹ̀ tú u. ROCA ni wọ́n sọ ọ́. Káàdì ìdánimọ̀ bí 750,000 ló kàn ní Estonia, ibi tó jẹ́ pé káàdì yẹn ni wọ́n fi ń buwọ́ lu ìwé, òun náà ni wọ́n lè fi dìbò. Ìjọba fúnra ẹ̀ ló dá ìwé-ẹ̀rí orí káàdì náà dúró ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó di dandan kí oníkálukú lọ gba òmíràn.

RSA ni o. Kò ní k, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ti jò.

#10 BabaDébíánì

Ẹ gbà mí láyè kí n dá sí i, torí mo wà níbẹ̀ lọ́dún 2008, irun orí mi ṣì dúdú nígbà náà.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ẹnì kan lára àwọn tó ń tọ́jú OpenSSL (kóòdù ìpalárokò) fún Debian (irú Linux kan) rí i pé Valgrind, ètò tó ń wá àṣìṣe inú kóòdù, ń ráhùn nípa ìlà méjì kan. Ó yọ wọ́n kúrò kí ariwo lè dáwọ́ dúró. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè lórí àkójọ ímeèlì àwọn tó ń kọ OpenSSL, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó kàn ṣe é bí ẹni tí kò bìkítà. Àṣé ọ̀kan nínú ìlà méjèèjì ni ọ̀nà tí gbogbo ohun àìmọ̀tẹ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ìṣirò náà ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tí kì í ju 32,768 lọ.

Ẹ ronú sí i. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ṣe kọ́kọ́rọ́ bíìtì 2048, ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní irú ẹ̀ láyé, kò sì sí ju 32,768 tó lè jáde lọ fún irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan àti gígùn kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè ṣe gbogbo wọn sílẹ̀, kó máa gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà yín. Nǹkan bí ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ló fi wà bẹ́ẹ̀, nínú Debian, nínú Ubuntu, kí Luciano Bello tó rí i. 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni ìkéde jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn, a ò sùn. Èyí tó bí wa nínú jù ni apá tó kan DSA, ẹ̀gbọ́n ECDSA tó ń lo k bákan náà: ìkéde náà ní kọ́kọ́rọ́ DSA tí a ṣe síbòmíì, tí kò ní àbùkù kankan, bí a bá ti fi buwọ́ lu nǹkan lórí Debian tó ní àrùn yìí, kí a kà á sí èyí tó ti jáde. Ẹ ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí. k ni.

#11 Ẹlẹ́nuMímú

Baba, ẹ ṣé fún ìtàn. Ó kàn ń múnú bí mi ni bí gbogbo yín ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìṣirò ò bàjẹ́, pé kóòdù nìkan ló bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n ti ja sáfà ẹ̀ lólè, kí ló kàn án bóyá ìṣirò ló bàjẹ́ tàbí kóòdù?

#12 ÀgbàKóòdù

Ó kàn án o, nítorí ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ kejì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣirò ló bàjẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ àgbáyé ló máa kó ẹrù kúrò lórí ECDSA. Bó bá jẹ́ ibi tí k ti ń wá ni, Déọlá máa ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, yóò sì lọ jẹun. Kọ́kọ́rọ́ P-256 tí PuTTY lò ní àwọn ọdún yẹn ò ní wàhálà kankan, bíìtì 512 ju 256 lọ fíìfíì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ká jù gbogbo ẹ̀ nù, ẹ máa bá wa gbé ìṣòro tuntun wá ni, torí ẹnì kan ló máa kọ kóòdù àrọ́pò náà pẹ̀lú.

Kí n tún fi kún un pé àwọn PuTTY ò ya òpònú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí k ti wà kí RFC 6979, ìlànà gbogboogbò lórí bí a ṣe ń rí k, tó jáde lọ́dún 2013, DSA tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ bíìtì 160 ni wọ́n ṣe é fún. Fún 160, ọ̀nà náà dára gan-an, ó tún ń gba èèyàn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní orísun àìmọ̀tẹ́lẹ̀ tó ṣe é gbára lé. Ìgbà tí P-521 wá dé, wọ́n fà á bọ̀ ọ́ bó ṣe wà. Kò sẹ́ni tó padà wọn aṣọ náà.

#13 BímpéAmòfin

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin onímọ̀. Agbẹjọ́rò ni mí, mi ò mọ SSH, mi ò mọ k. Ọmọ mi ló fi ìjíròrò yìí ránṣẹ́ sí mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àdéhùn PDF ránṣẹ́ sí wa tó ní ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà. Mo máa ń ṣí i, ètò tí mo fi ń kà á á gbé àmì aláwọ̀ ewé jáde lókè pé ìbuwọ́lù péye, pé ẹnikẹ́ni ò tíì yí ìwé náà padà. Ṣé mo lè gba àmì yẹn gbọ́?

#14 Kúnlé_LDN

Ẹ káàárọ̀, mà. Ìbéèrè yín ló tóbi jù níbí, torí ẹni tó ń buwọ́ lù la ti ń sọ látàárọ̀, ẹ sì bi wá nípa ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Oṣù kejì ọdún 2019, àwọn ará Bochum kan náà (wọn ò níṣẹ́ méjì níbẹ̀) gbé àbájáde ìwádìí lórí PDF jáde. Nínú ètò 22 tí wọ́n dán wò lórí kọ̀ǹpútà, 21 ni wọ́n rí tàn jẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é, mà. Ìbuwọ́lù inú PDF ń gbé àkọsílẹ̀ kan dání, ByteRange, tó ń sọ pé "láti ibí dé ibí, àti láti ọ̀hún dé ọ̀hún, ni mo buwọ́ lù". PDF sì gba kí èèyàn lẹ nǹkan tuntun mọ́ ìsàlẹ̀ fáìlì láìfọwọ́ kan ohun tó wà lókè. Olùwádìí á lẹ ojú ìwé tuntun mọ́ ìsàlẹ̀, pẹ̀lú iye owó mìíràn. Ètò náà á wo ibi tí ByteRange tọ́ka sí, á rí i pé ó péye, á fi àmì ewé hàn. Ohun tí ojú yín ń kà lójú ìwé, tuntun ni. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọ́n yọ àwọn ohun tí ètò náà yẹ kó yẹ̀ wò kúrò nínú fáìlì, ètò náà ò rí nǹkan kan yẹ̀ wò, ó sì ní ó péye!

Àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí ti tún wọn ṣe lẹ́yìn ìwádìí náà. Nítorí náà, mà, ẹ máa lo ẹ̀yà tó tuntun jù, ẹ má sì wo àmì orí ìwé nìkan. Ẹ ṣí pánẹ́ẹ̀lì ìbuwọ́lù, ẹ wò ó bóyá ó ní nǹkan yí padà lẹ́yìn ìbuwọ́lù, kí ẹ sì tẹ ibi tó ń fi ìwé náà hàn bó ṣe rí nígbà tí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí owó ńlá bá wà nídìí ẹ̀, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù, nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì.

#15 BímpéAmòfin

Olúwa ṣeun. Mo ti sọ fún akọ̀wé wa kó lọ wo ẹ̀yà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rín ni ohun tó fi dá mi lóhùn.

#16 ỌmọÀjàṣẹ́

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wò ni ti Java. Láti Java 15 títí dé 18, kóòdù tó ń yẹ ìbuwọ́lù ECDSA wò kò béèrè bóyá r àti s jẹ́ òdo. Bẹ́ẹ̀, òfin àkọ́kọ́ nínú ìlànà náà nìyẹn: kọ òdo sílẹ̀. Wọ́n tún kóòdù náà kọ láti C++ sí Java, ìlà yẹn sì já bọ́ lọ́nà. Ẹ fi (0, 0) ránṣẹ́ bí ìbuwọ́lù: òdo lórí òdo, ìhà méjèèjì bára mu, Java ní "ó péye". Fún ọ̀rọ̀ yòówù. Fún kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni! Neil Madden ló rí i, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni Oracle gbé àtúnṣe jáde, CVE-2022-21449.

Ìwé òfo lẹ fi wọlé, ẹ̀ṣọ́ sì kí yín káàbọ̀.

#17 BabaDébíánì

Ti GnuPG, ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ lárokò tó sì ń yẹ ìbuwọ́lù wò, lọ́dún 2018 náà ńkọ́? SigSpoof, CVE-2018-12020, Marcus Brinkmann tí àgbà dárúkọ yẹn náà ló rí i. Ètò ímeèlì kì í yẹ ìbuwọ́lù wò fúnra ẹ̀, ó ń rán GnuPG níṣẹ́, GnuPG á sì máa kọ ìlà ìlà padà fún un. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "[GNUPG:] GOODSIG" túmọ̀ sí pé ìbuwọ́lù dára. Ọ̀rọ̀ tí a pa lárokò sì lè gbé orúkọ fáìlì dání. Bí ẹni tó gba ímeèlì náà bá ti yan pé kí GnuPG máa sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó máa ń tẹ orúkọ fáìlì náà jáde bó ṣe rí, láìfọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mò ń lọ. Wọ́n fi ìlà tuntun sáàárín orúkọ fáìlì, wọ́n kọ "[GNUPG:] GOODSIG" síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wù wọ́n. Enigmail, àfikún fún ètò ímeèlì, kà á, ó ní ìbuwọ́lù dára. Ìbuwọ́lù kankan ò sí níbẹ̀ rárá o. GnuPG 2.2.8 ló parí ẹ̀.

#18 Ẹlẹ́nuMímú

Kí ẹ tó parí, ẹ ò tíì dárúkọ Heartbleed.

#19 Alábòójútó

Heartbleed ní ìjíròrò tirẹ̀, ẹ lọ síbẹ̀. Ìrántí kọ̀ǹpútà ló ń dà sílẹ̀ ní ti ìyẹn, kò kan ìbuwọ́lù Déọlá. Ẹ jẹ́ kó gba èsì tó wá fún.

#20 ÀgbàKóòdù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Déọlá, ohun tí wàá ṣe rèé.

Kọ́kọ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, Ed25519, irú kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ni kí o lò. Tí PuTTYgen (ètò PuTTY tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́) bá wà lọ́wọ́, yan EdDSA nínú ẹ̀. Lórí Linux, ssh-keygen -t ed25519. Má ṣe jẹ́ kí gbogbo yín máa pín ọ̀kan lò mọ́, kí oníkálukú ní tiẹ̀. Fi àwọn tuntun sórí sáfà, kí o sì dán wọn wò kí o tó yọ ti àtijọ́, kí o má baà ti ara rẹ mọ́ta.

Lẹ́yìn náà, lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, fi àṣẹ yìí wá irú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà:

grep "ecdsa-sha2-nistp521" /root/.ssh/authorized_keys /home/*/.ssh/authorized_keys

Ìlà tó bá jáde, béèrè ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Kọ́kọ́rọ́ P-521 tí kò wọ PuTTY tàbí àwọn ẹbí ẹ̀ rí ò ní àléébù. Tí o ò bá mọ ibi tí wọ́n lò ó, yọ ọ́. Má gbàgbé àwọn ibi tí kì í ṣe sáfà: ojú òpó Git yín, ẹ̀rọ ráútà, sáfà tí ẹ fi ń pa ẹ̀dà mọ́.

#21 Déọlá_Sáfà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Sáfà tí a fi ń pa ẹ̀dà mọ́ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lábẹ́ root, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Git tún wá dé: ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ yìí buwọ́ lu gbogbo ẹ̀yà ètò wa tó gbé jáde. Inú ilé ni Git yẹn wà, kì í ṣe gbangba, ṣùgbọ́n a ti fún àwọn akọ́ṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ láyè síbẹ̀ rí. Kí ni kí n ṣe sí àwọn ìbuwọ́lù yẹn?

#22 Kúnlé_LDN

Láti ìsinsìnyí lọ, wọn ò jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá kó 60 nínú wọn lè ti buwọ́ lu ẹ̀yà mìíràn kó sì fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Wá ẹ̀dà Git náà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan láti ìgbà pípẹ́, tàbí èyí tó wà nínú ẹ̀dà ìpamọ́ ọdún tó lọ. Fi nọ́ńbà commit ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Git fún un) wé ti orí sáfà. Èyí tó bá bára mu, fi kọ́kọ́rọ́ tuntun buwọ́ lù ú ní orúkọ tìrẹ, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo tún un buwọ́ lù àti ìdí ẹ̀. Èyí tí kò bára mu, má fọwọ́ kàn án, pe aṣàyẹ̀wò yẹn padà.

#23 Déọlá_Sáfà

Mo ti tẹ èsì #2 àti #6 jáde fún ọ̀gá. Ó fi bírò ṣe ìṣirò 23 yẹn fúnra ẹ̀ títí ó fi rí 7, ó wá béèrè pé mélòó ni aṣàyẹ̀wò náà sọ pé a jẹ ẹ́. Alẹ́ Sátidé la ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò níbi gbogbo. FileZilla tó wà lọ́dọ̀ àwọn ìṣirò owó ṣì jẹ́ 3.66, mo ń lọ bá wọn báyìí kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.